Ọdún Kérésìmesì ní Lọ́ńdọ̀nù: Iná Kún Títì, Ilẹ̀kùn Wà ní Títì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àṣà ìkíni àti àṣà ìgbàlejò ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti wá mọ ohun tí àṣà wọ̀nyí ń ṣe fún ọmọ ènìyàn gan-an. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìtàn ìgbà òtútù kan ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n kí a rí agboolé kan lónìí tí kò ní ọmọ, àbúrò tàbí ìyekan lókè òkun. Ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ní ọdún 2017, iṣẹ́ ìwádìí gbé mi dé Lọ́ńdọ̀nù fún oṣù mẹ́sàn-án. Nígbà tí oṣù Dìsẹ́ńbà wọlé, mo rí i pé oòrùn kì í yọ títí di nǹkan bí agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, ó ti wọ̀. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa. Ọyẹ́ a máa fẹ́ láàárọ̀, a máa la ènìyàn ní ètè, ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀sán, oòrùn yóò lé e lọ. Òtútù Lọ́ńdọ̀nù kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Ẹ̀wù mẹ́ta ni mo ń wọ̀ lé ara wọn, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti fìlà onírun, síbẹ̀ n ó máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Èyí tí ó tilẹ̀ dùn mí jù ni pé kò sí ẹni tí yóò kí mi pé, "Ẹ kú òtútù o."

Òkùnkùn yìí ni ó jẹ́ kí n mọ ìdí tí àwọn ará ibẹ̀ fi fẹ́ràn iná tó bẹ́ẹ̀ nígbà ọdún. Láti oṣù Nòfẹ́ńbà ni wọ́n ti ń ta iná aláràbarà sókè títì. Ọdún 1954 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Regent Street, Oxford Street sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1959. Bí ènìyàn bá gbójú sókè níbẹ̀ lálẹ́, yóò rò pé àwọn ìràwọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ wá nájà ni. Èrò a máa wọ́ lọ wọ́ bọ̀, ọwọ́ wọn a kún fún ẹ̀bùn. Àwọn akọrin a dúró ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, wọn a máa kọ orin ìbí Jésù, wọn a sì máa gba owó àánú fún àwọn aláìní.

Igi kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Trafalgar Square ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ ilẹ̀ Nọ́wè ní ọdún 1940, Ọba Haakon Keje sá wá sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ìjọba rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ogun fi parí ní ọdún 1945. Láti ọdún 1947 ni àwọn ará Oslo ti ń gé igi gíga kan nínú igbó wọn, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọọdún láti fi dúpẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo dúró nídìí igi náà, mo ní, àṣé àwọn ènìyàn yìí náà mọ ìtumọ̀ àlejò.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí. Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí bóyá n ó fẹ́ wá bá òun àti ìdílé òun jẹun lọ́jọ́ ọdún. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́ nílé, mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí ó má ṣe ìyọnu. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, a kì í tètè gbà. Bí onílé bá ní, "Ẹ wá jẹun," a ó ní, "Yóò gba ibi ire o." Onílé ni yóò fi ipá fà wá jókòó. Lójú òyìnbó, ẹni tí ó bá ní òun kò fẹ́, kò fẹ́ náà nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni náà kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe pé ó ní ahun. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni ó gbà gbọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó ṣáájú ọdún, mo lọ sí Peckham, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Iṣu, èlùbọ́, ata rodo àti ẹja gbígbẹ ni wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù ní Rye Lane. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń ta iṣu gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún." Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo tẹríba kí i. Ó ní, "Ọmọ mi, níbo lo ti fẹ́ ṣọdún?" Mo tún ní kò sí ìyọnu. Ìyá kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó júwe ilé rẹ̀ fún mi, ó ní kí n wá sùn níbẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú, nítorí pé ọkọ̀ kì í rìn lọ́jọ́ ọdún. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n nínú ara mi, mo ní kò sí bí ìlú tí ó tóbi tó báyìí ṣe lè wà láìsí ọkọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún, mo se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mo din adìẹ, mo gbé e sínú kúlà, ó di ibùdókọ̀. Títì dá wáí. Bọ́ọ̀sì kò sí, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kò sí. Takisí kan ṣoṣo tí mo rí, owó tí ó pè ju agbára mi lọ. Ìlú tí èrò ti ń gbún ara wọn lánàá, ẹyẹlé nìkan ni ó kù síta. Iná ọdún ṣì ń ṣẹ́jú lókè, ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀kùn wà ní títì.

Bí mo ti ń padà lọ sí yàrá mi, mo rántí ìyá mi. Bí Kérésìmesì bá dé, àwo ìrẹsì tí a ó kọ́kọ́ gbé jáde, ti àwọn Mùsùlùmí ojúlé kejì ni. Bí Iléyá bá dé, ẹran tiwọn a dé ọ̀dọ̀ wa kí a tó jí tán. Mo kan ilẹ̀kùn ìyá òyìnbó arúgbó tí ó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa. Ó ṣí i díẹ̀, kò tú ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Mo ní oúnjẹ ọdún ni mo gbé wá. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì tú ẹ̀wọ̀n náà.

Àwo kan ṣoṣo ni ó wà lórí tábìlì rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àwo náà ni páálí kan wà, tí ohun tí wọ́n ń pè ní cracker kún inú rẹ̀. Bébà aláwọ̀ mèremère ni, tí a ká róbótó, tí a sì so lórí àti nídìí. Ẹni méjì ni ó ń fà á. Yóò dún bíi báńgà ọmọdé, adé bébà yóò sì jáde láti inú rẹ̀. Ìyá náà sọ fún mi pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni òun ti ra páálí náà, pé Ọsirélíà ni ọmọ òun wà, òun kò sì rí ẹni tí yóò bá òun fà á. A fà á. Àwa méjèèjì dé adé bébà, a jẹ ìrẹsì. Ata ta á lọ́fun, ó mu omi, ó tún bù sí i. Ní Dìsẹ́ńbà ọdún 2018, nígbà tí mo ti padà sílé, káàdì rẹ̀ dé bá mi. Ó ká adé bébà kan sínú rẹ̀.

Bí a bá wò ó fínnífínní, òyìnbó kò kórìíra àlejò. Ìpè ni ilẹ̀kùn ọdún tiwọn, ó sì di dandan kí ìpè náà ti wáyé kí ọjọ́ tó pé. Tiwa a máa ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí a pè àti ẹni tí a kò pè. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lẹ́yìn odi, bí ẹnikẹ́ni bá pè yín wá jẹun, ẹ gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó wà kí ọkọ̀ tó dá iṣẹ́ dúró. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú oṣù Dìsẹ́ńbà, kí ẹ tó béèrè ohun tí wọn yóò fi ránṣẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí wọn yóò bá jẹun.

Àwa tí a wà nílé náà ńkọ́? Odi ilé wa ń ga sí i, ajá ń gbó lẹ́nu géètì, àwo tí ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé sì ń dín kù. Kí ọdún tí ń bọ̀ yìí tó dé, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ka àwọn àwo tí yóò gbé jáde, kí ó sì mọ ojúlé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lọ.

Ẹ kú ìyèdún o. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.