Ìtanijí Lórí Ìpààrọ̀ Ẹ̀rọ Ìfakùn Gìtá: Ẹ Wọn Orí Gìtá Yín Kí Owó Tó Jáde

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ ń ta gìtá oníná ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní òde àríyá, ẹ̀yin òbí tí ẹ ra gìtá fún ọmọ, àti ẹ̀yin tí àpò owó ẹgbẹ́ akọrin wà lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ohùn gìtá bá ti ń yẹ̀ léraléra, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni kí wọ́n ra ẹ̀rọ ìfakùn tuntun. Owó á jáde, wọ́n á lu ihò tuntun sí orí gìtá, ohùn á sì tún máa yẹ̀. Àdánù méjì ni èyí: owó ti lọ, igi sì ti bàjẹ́. A kọ àlàyé yìí kí gbogbo wa lè mọ ìgbà tí ẹ̀rọ náà nílò ìpààrọ̀ lóòótọ́, kí a sì lè yan èyí tí yóò wọ gìtá wa láìba igi rẹ̀ jẹ́.

Kí ni ẹ̀rọ ìfakùn?

Ẹ̀rọ ìfakùn, tí àwọn olórin ń pè ní tuner tàbí machine head, ni àwọn irin mẹ́fà tó wà ní orí gìtá, tí a ń yí etí wọn kí okùn lè le tàbí kí ó dẹ̀. Inú rẹ̀ kò díjú. Etí tí a ń fi ọwọ́ yí so mọ́ ọ̀pá kékeré kan tí ìlà yí ká lára. Ìlà yìí ló ń ti eyín jíà, jíà náà ló sì ń yí òpó tí okùn wé mọ́. Bí ẹ bá rí 14:1 lára páálí rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé a ó yí etí nígbà 14 kí òpó tó yí lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó jẹ́ 18:1 ń jẹ́ kí a lè gbé ohùn ní díẹ̀díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí a bá yí etí rẹ̀ ní odindi ẹ̀ẹ̀kan, òpó yóò yí ìwọ̀n dígírì 20 péré nínú 360.

Ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ nípa jíà yìí: etí lè yí òpó, ṣùgbọ́n òpó kò lè yí etí. Okùn mẹ́fà tó wọ́pọ̀ jù, irú èyí tí okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú rẹ̀ jẹ́ 0.010 ínṣì, ń fa orí gìtá pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bíi kílógíráàmù 45 lápapọ̀. Síbẹ̀, jíà tó dára kò ní jẹ́ kí okùn yí òpó padà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ ìfakùn kì í fi í sábà jẹ̀bi nígbà tí ohùn bá yẹ̀.

Kí ló ń mú ohùn yẹ̀?

Ohun àkọ́kọ́ ni okùn tuntun. Okùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i ṣì ń nà, ohùn rẹ̀ yóò sì máa wálẹ̀ títí yóò fi nà tán. Ohun kejì ni bí a ṣe wé okùn mọ́ òpó. Bí a bá wé e nígbà púpọ̀ tí ó ń gun ara rẹ̀, okùn náà yóò máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń ta gìtá. Wíwé ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta tó fún okùn nínípọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin tó fún okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Kí gbogbo wọn tò lọ sísàlẹ̀ láìgorí ara wọn.

Ohun kẹta, tó wọ́pọ̀ jù tí a kì í sì í fura sí, ni nut, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà okùn sí níbi tí ọrùn gìtá ti pàdé orí rẹ̀. Bí ọ̀nà náà bá há ju okùn lọ, okùn yóò há sínú rẹ̀, yóò sì yọ̀ lójijì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ náà ní tiwọn: igi ń gbẹ, ọrùn gìtá ń yí padà díẹ̀, ohùn sì ń yẹ̀ láìsí àbùkù kankan lára ẹ̀rọ.

Àmọ́ ẹ̀rọ ìfakùn náà máa ń bàjẹ́. Òógùn ọwọ́ àti afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun, irú èyí tí àwọn tó ń gbé ní Èkó mọ̀ dáadáa, máa ń jẹ irin rẹ̀. Nọ́ọ̀tù, ìyẹn irin tó dì í mú lójú igi, lè tú díẹ̀díẹ̀. Bí gìtá bá ṣubú, òpó lè tẹ̀. Lára àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, etí oníke a máa súnkì, a sì máa fọ́ wẹ́wẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Àwọn àmì tí a fi ń dá a mọ̀

Àwọn àgbà ní àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Bí a kò bá tètè mọ ibi tí àbùkù wà, ohun tí kò ṣẹ̀ ni a ó fìyà jẹ.

Bí ẹ bá gbọ́ ìró kékeré kan, tín-ín, nígbà tí ẹ ń gbé ohùn sókè, tí ohùn sì fò kọjá ibi tí ẹ fẹ́, nut ló há okùn mọ́. Ẹ gbé ohùn sí ipò rẹ̀, ẹ fi ìka tẹ okùn náà díẹ̀ láàárín nut àti òpó, kí ẹ sì tún wò ó. Bí ohùn bá ti gòkè tí kò sì padà, ibẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú. Ẹ fi ẹnu pẹ́ńsù kọ sínú ọ̀nà okùn, nítorí dúdú inú pẹ́ńsù máa ń mú un yọ̀. Bí kò bá tó, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ gìtá tún ṣe kó fẹ ọ̀nà náà.

Àmì pé ẹ̀rọ ìfakùn fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́ yàtọ̀. Etí á yí lọ yí bọ̀ lófìfo kí òpó tó mira. Òpó á máa mì lọ́wọ́ bí ẹ bá dì í mú. Ẹ ó gbọ́ bí eyín jíà ṣe ń fò, tàbí etí á le níbì kan, á dẹ̀ níbòmíràn nínú yíyí kan ṣoṣo. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi sípánà kékeré fún nọ́ọ̀tù ojú orí gìtá, kí ẹ sì fún síkúrù ẹ̀yìn rẹ̀, láìfi agbára púpọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ àìsàn ẹ̀rọ yìí ń parí síbẹ̀.

Bí iyèméjì bá ṣì wà, ìdánwò kan wà tí kò gba owó. Ẹ tú ẹ̀rọ tí ẹ fura sí, kí ẹ sì pààrọ̀ ààyè rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ mìíràn tó bá a dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Bí àbùkù bá bá ẹ̀rọ náà lọ sí ààyè tuntun, ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Bí àbùkù bá dúró sórí okùn àkọ́kọ́, ẹ̀rọ kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Bí a ṣe ń yan èyí tí yóò wọ̀ ọ́

Télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í gé aṣọ kó tó wọn oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí ẹ wọn orí gìtá kí ẹ tó dé ọjà. Ẹ má fi dídán tàbí orúkọ ilé iṣẹ́ ṣe ìpinnu àkọ́kọ́.

Ẹ wo ètò rẹ̀. Lórí Stratocaster ti Fender, tó jáde ní 1954, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lórí Les Paul ti Gibson, tó jáde ní 1952, mẹ́ta wà lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Gìtá Music Man ní mẹ́rin lókè, méjì nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ apá ọ̀tún kò ṣe é fi sí apá òsì, nítorí náà, kí ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì ta gìtá kíyè sí i dáadáa.

Ẹ wọn ihò. Ẹ tú ẹ̀rọ kan, kí ẹ sì fi kálípà, ìyẹn irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìbú nǹkan, wọn ìbú ihò náà níwájú àti lẹ́yìn. Ihò ti àtijọ́, tí wọ́n lù fún ẹ̀rọ Kluson ti ìlú Chicago, fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 8.7. Ti òde òní, irú tí ilé iṣẹ́ Grover àti ilé iṣẹ́ Schaller ti Jámánì ń lò, fẹ̀ tó nǹkan bíi 10. Bí ihò bá fẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ, òrùka irin wà lọ́jà tí a fi ń dí àlàfo náà. Bí ihò bá kéré, ẹ wá ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ihò kékeré dípò kí ẹ gbẹ́ igi.

Ẹ wo ojú síkúrù. Àwọn kan ní síkúrù kan tó dàgẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní méjì, àwọn mìíràn sì ní ṣóńṣó irin kéékèèké tó ń wọnú igi. Lórí Fender àtijọ́, ẹ̀rọ méjì tó sún mọ́ra máa ń pín síkúrù kan, tó fi jẹ́ pé síkúrù méje ló di mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mú. Ẹ ya àwòrán ẹ̀yìn orí gìtá yín, kí ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e han ẹni tó ń tà á. Hipshot ti Amẹ́ríkà ń ṣe àwo irin tó ń lo ojú síkúrù àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà lu ihò tuntun. Ẹ wọn àlàfo àárín òpó kan sí èkejì, kí ẹ sì wọn bí orí gìtá ṣe nípọn tó.

Lẹ́yìn wíwọ̀n ni ìfẹ́ ọkàn tó kàn. Ẹ̀rọ tó ń ti okùn pa, irú ti Sperzel tàbí Gotoh ti Japan, máa ń gbá okùn mú nínú òpó, tí a kò fi ní wé e ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ń mú kí pípààrọ̀ okùn yá, ó sì wúlò fún ẹni tó ń lo ọ̀pá ìmì ohùn (tremolo), ṣùgbọ́n kò ní wo nut tó há sàn. Ó tún máa ń wúwo ju ẹ̀rọ lásán lọ nígbà púpọ̀. Lórí gìtá tí ara rẹ̀ fúyẹ́, orí lè máa tẹ̀ sílẹ̀ lọ́rùn ẹni tó gbé e kọ́.

Bí a ṣe lè dènà ìbàjẹ́

Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ẹ̀rọ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti ta gìtá, kí ẹ sì dá a padà sínú àpò rẹ̀. Bí ohùn bá kọjá ibi tí ẹ fẹ́, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ wá gbé e bọ̀ láti ìsàlẹ̀, kí eyín jíà lè gbá ara wọn mú. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ okùn, ẹ fọwọ́ kan nọ́ọ̀tù àti síkúrù.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ ìlu-ihò tí a ń lò nínú ilé fẹ ihò orí gìtá yín. Ó lè la igi, ó sì lè ṣí ọ̀dà. Ẹ tọ́jú ẹ̀rọ àtijọ́ pa mọ́ pẹ̀lú síkúrù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Les Paul àwọn ọdún 1950 ni wọ́n yọ Kluson lára wọn, tí wọ́n sì fẹ ihò wọn kí Grover lè wọ̀ ọ́. Lónìí, iye owó tí a ń tà wọ́n kéré sí ti èyí tí a kò fọwọ́ kàn.

Ojúṣe wa

Kí olórí ẹgbẹ́ akọrin kọ ìwọ̀n orí gìtá kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹni tó bá lọ sọ́jà lè mú un dání. Kí òbí béèrè ìdánwò tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó fi owó sílẹ̀. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń tún gìtá ṣe fi àbùkù han oníbàárà ní ojú rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un bí ó bá jẹ́ nut nìkan ló nílò ìtọ́jú. Owó kékeré la fi ń ra kálípà, ẹgbẹ́ kan sì lè lo ẹyọ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìdánwò, kí a wọn orí gìtá, kí a tó rà.