Balógun Kúkù: Jagunjagun tí ẹṣin rẹ̀ kò kúrò l'Ójúde Ọba

Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, níbi àjọ̀dún Ojúde Ọba n'Ìjẹ̀bú-Òde, ẹlẹ́ṣin á fa ìjánu níwájú àga Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú. Ẹṣin á máa fi pátákò ha ilẹ̀, ṣakabùlà á dún gbàà lẹ́yìn rẹ̀, èéfín á bo àwọn onílù mọ́lẹ̀. Àlejò á rò pé fàájì lásán ni. Àwọn onílé mọ̀ pé ìran Balógun ló ń kí ọba.

Ta ni Balógun Kúkù?

Jagunjagun Ìjẹ̀bú ni, oníṣòwò ìbọn sì ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ òun àti ààfin kò wọ̀ mọ́, ó kó lọ sí Ìbàdàn lásìkò ogun Kírìjì. Nígbà tó yá, ó padà sílé.

Kí ló gba ogun lọ́wọ́ Balógun?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, Gómìnà Èkó, Gilbert Carter, rán ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sí Ìjẹ̀bú lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò. Ìjẹ̀bú pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì lójú ogun Ìmàgbọn, ṣùgbọ́n ìbọn Maxim kì í ka orí. Òyìnbó gba Ìjẹ̀bú-Òde. Oyè Balógun kù, ogun kò sí mọ́.

Ní 1902, Kúkù gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ọdún ìbílẹ̀ tó ti máa ń fi ọlá rẹ̀ hàn kò ṣeé bá lọ mọ́. Ló bá gun ẹṣin, ó kó ẹbí àti ọ̀rẹ́ lẹ́yìn, ó lọ kí ọba nígbà Iléyá. Ó kú ní 1907, àṣà náà kò bá a kú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ Friedrich Wilhelm von Steuben, ọmọ ogun Prussia tó kọ́ àwọn jagunjagun George Washington ní ìlànà ogun ní 1778, kò bá a kú. Kò bímọ, síbẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tí orírun wọn jẹ́ Jámánì ń fi orúkọ rẹ̀ wọ́de ní New York lọ́dọọdún. Kúkù ní tirẹ̀ bímọ, àwọn ọmọ náà ló ń gun ẹṣin.

Lónìí, ilé Balógun mìíràn, bí Ọdúnúgà àti Aláúsá, ń bá ìran Kúkù gun ẹṣin. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, tí Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà, tó wàjà ní 2025, jí dìde náà ń jó wọlé nínú aṣọ ẹgbẹ́.

Bí ẹ bá lọ sí Ojúde Ọba, ẹ má wo aṣọ nìkan. Ẹ bi ẹlẹ́ṣin pé ọmọ Balógun wo ni.