Joe Vigil àti Iṣẹ́ Mímú Ẹni Karùn-ún Yára

Nínú eré ìje tí wọ́n ń pè ní krọ́ọ̀sì kọ́ńtírì, èyí tí àwọn eléré máa ń sá lórí koríko, nínú ẹrẹ̀ àti lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kì í ṣe ẹni tí ó kọ́kọ́ dé òpin ni ó ń pinnu ẹgbẹ́ tí yóò gba ife. Eléré méje ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà sábà máa ń kó wá sí ìdíje ńlá, ṣùgbọ́n ipò àwọn márùn-ún tí ó bá kọ́kọ́ dé nínú wọn ni a ó rò pọ̀, ẹgbẹ́ tí àròpọ̀ rẹ̀ bá sì kéré jù lọ ni ó borí. Ẹgbẹ́ tí ó ní akọni kan ṣoṣo ní ipò kìíní, tí ẹni karùn-ún rẹ̀ sì dé ní ipò ọgọ́rùn-ún, kì í sábà rọ́wọ́ mú. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ tí olùkọ́ni fi mú ẹni karùn-ún ni a fi ń mọ bí ó ti dáńgájíá tó, kò sì sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn kedere bíi Joe Vigil.

Ọdún 1929 ni wọ́n bí Vigil ní ìpínlẹ̀ Colorado. Lẹ́yìn tí ó ti ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó lo ohun tí ó lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ní Adams State, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kékeré kan ní ìlú Alamosa, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè 19 fún wọn. Alamosa ga tó nǹkan bí mítà 2,300 sí ojú òkun, níbi tí ọ́síjìn tí èèyàn ń mí sínú kò ti tó ti ìsàlẹ̀, tí ara fi ní láti pèsè sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ń gbé ọ́síjìn káàkiri, ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nítorí pé ìlú Mexico City, níbi tí Òlíńpíìkì ọdún 1968 ti wáyé, pẹ̀lú wà lórí òkè ni Amẹ́ríkà fi yan àwọn tí yóò sá eré marathon ìdíje náà ní Alamosa.

Síbẹ̀, àṣejù ni kí a gbé gbogbo ògo fún òkè, nítorí àìmọye èèyàn ni ó ń gbé orí òkè tí wọn kò mọ eré sá. Vigil kàwé débi oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì gbà pé ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró fi ń gbó sí iṣẹ́ eré gígùn, nítorí náà ìpìlẹ̀ sísá ọ̀nà jíjìn ni ó máa ń fi lélẹ̀ kí ó tó fi ìdánrawò eré kíkankíkan kún un. Oorun, oúnjẹ àti ìwà ọmọlúàbí kò sì kéré lójú rẹ̀. Pat Porter, eléré kan tí Vigil tọ́, tí kò lókìkí kankan ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, di ẹni tí ó gba ife krọ́ọ̀sì kọ́ńtírì Amẹ́ríkà léraléra lẹ́ẹ̀mẹjọ, láti ọdún 1982 dé 1989.

Ọdún 1992 ni ẹ̀rí tí ó ga jù dé, nínú ìdíje ìpín kejì ti NCAA, àjọ tí ń bójú tó eré ìdárayá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Adams State ni ó gba ipò kìíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún, tí àròpọ̀ wọn fi jẹ́ 15, iye tí kò sí ẹgbẹ́ tí ó lè ṣe dáadáa jù ú lọ, nítorí pé òfin kò fàyè sílẹ̀ fún iye tí ó kéré sí i.

Ìfẹ̀yìntì kò dá a dúró. Ní ọdún 2001, òun àti olùkọ́ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Bob Larsen, kó àwọn eléré jọ sí Mammoth Lakes, ìlú orí òkè ní California, nígbà tí eré gígùn Amẹ́ríkà ti rẹ̀yìn gan-an. Nígbà tí ó di ọdún 2004, ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Áténì, Meb Keflezighi, tí Larsen ń tọ́, gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà nínú eré marathon, Deena Kastor, tí Vigil ń tọ́, sì gba ti idẹ, lẹ́yìn tí ó ti jẹ́ kí àwọn aṣíwájú lọ nínú ooru ọjọ́ náà, tí ó wá ń lé wọn bá lọ́kọ̀ọ̀kan. Damon Martin, tí ó ti sáré lábẹ́ Vigil, ni ó gba ipò rẹ̀ ní Adams State, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè kún ti ọ̀gá rẹ̀, ti ọkùnrin àti ti obìnrin.