Ìwé Tí Kò Ní Ìbuwọ́lù

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ẹni tó bá gúnlẹ̀ sí Kpata, àdúgbò ọjà tó wà létí Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja, yóò gbọ́ Yorùbá àwọn Okun láàárín èdè Nupe, Haúsá, Ìgálà àti Ẹ̀bìrà. Títí di ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1991, abẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara ni Lọ́kọ́ja wà. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida kéde ìpínlẹ̀ tuntun, Lọ́kọ́ja sì di olú-ìlú Kogí. Ẹnikẹ́ni ní Kpata kò ṣí kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìjọba ni ó ṣí ìlú nípò.

Ta ni ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó dé etí wa? Akọ̀wé ìròyìn ni. Òun ni ń ka ìwé ìròyìn fún ọ̀gá rẹ̀, tí ń dá àwọn oníròyìn lóhùn, tí ó sì ń fi ìkéde ránṣẹ́. Olóyè Duro Onabule, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní 1939, ni ó ṣe é fún Babangida láti 1985 títí di 1993. Ipò olóòtú National Concord, ìwé ìròyìn Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, ni ó ti bọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí kálàmù, ó sì di òǹkọ̀wé nínú ìwé ìròyìn The Sun. Ó papòdà ní 2022.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Aláàfin ní àwọn ìlàrí tí ń jíṣẹ́ rẹ̀; bí wọ́n ti fá orí wọn ń sọ ẹni tó rán wọn. Àrokò pàápàá ní ẹni tó dì í. Àwọn àgbà sì ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ẹ wo ìtàn Nduka Irabor. Ní 1984, ìjọba ológun fi Òfin Kẹrin ọdún náà mú òun àti Tunde Thompson, oníròyìn The Guardian, nítorí ìròyìn lórí àwọn aṣojú ìjọba tí wọ́n fẹ́ rán lọ sókè òkun. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún olúkúlùkù, wọ́n sì bu ₦50,000 lé ilé-iṣẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Babangida gbàjọba ní 1985, ó sì pa òfin náà rẹ́. Nígbà tó yá, Irabor di akọ̀wé ìròyìn Igbákejì Ààrẹ, Augustus Aikhomu.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1993, ọ́fíìsì rẹ̀ ni ìkéde ti jáde pé a ti wọ́gi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù náà. Abíọ́lá ni ó ń borí. Ìwé náà kò ní ìbuwọ́lù ẹnikẹ́ni, orí bébà lásán ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí.

Nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 2025, Babangida gbà pé Abíọ́lá ni ó wọlé. Ó ní Katsina ni òun wà lọ́jọ́ náà, pé wọn kò gba àṣẹ lẹ́nu òun kí wọ́n tó gbé ìkéde náà jáde. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀; Abíọ́lá ti kú sí àtìmọ́lé ní 1998.

Àwa tí a ń túmọ̀ ìwé ìjọba mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ìwé ni a kọ́kọ́ ń wò: ta ni ó buwọ́ lù ú? Ẹ̀yin náà tí ẹ wà ní ìlú onílùú, tí ìkéde kan lè sọ yín di onílé tàbí àlejò, ẹ máa bèèrè bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí a kò mọ ẹni tó rán an, kò sẹ́ni tí yóò dáhùn fún un lọ́la.