Àgbàlagbà Tó Kúnlẹ̀ fún Ọmọdé

Ṣọ́ọ̀kì ti kún ọwọ́ ọmọbìnrin kan kí n tó ráyè jókòó. Ó fa ìlà kan sójú pátákó, ó ya òbìrìkítí láti orí kan ìlà náà, ó tún ya òmíràn láti orí kejì. Ibi tí òbìrìkítí méjèèjì ti pàdé ló fi ṣe igun kẹta, ó wá ń ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi dọ́gba. Kò wo ìwé rárá. Euclid ló kọ ẹ̀kọ́ náà ní nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn, ìwé rẹ̀ sì ni ìwé ìṣirò tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ọdún kìíní ní St. John's College, nílùú Annapolis, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà.

Ọmọkùnrin kan ní, “Ta ló sọ fún wa pé òbìrìkítí méjèèjì máa pàdé?”

Gbogbo wa wo pátákó. Wọ́n pàdé, ẹni tó bá lójú ń rí i. Ṣùgbọ́n níbo ni Euclid ti sọ bẹ́ẹ̀? Olùkọ́ kò fọhùn. Níbi tí mo ti kọ́ ìṣirò, ìfọ́tí ni ìbéèrè yẹn ì bá mú wá. Níbí, wọ́n fi ogún ìṣẹ́jú wá a nínú ìwé, wọn kò rí i. Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn onímọ̀ ìṣirò fúnra wọn mọ àlàfo náà dáadáa, Hilbert ọmọ Jámánì sì tún ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yẹn tò ní 1899. Olùkọ́ kò dárúkọ Hilbert fún wọn. Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n lọ sílé.

Ẹni tó ń mú mi kiri ọgbà ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀, Bowie tí kò jìnnà síbí ni wọ́n ń gbé. “Uncle, ẹ jẹ́ ká gba ibí.” A dé iwájú McDowell Hall, ilé bíríkì pupa tó ní ilé agogo lórí. Gómìnà Bladen ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ fún ara rẹ̀ ní nǹkan bí 1742, owó tán nílẹ̀, àwọn ará ìlú wá ń pè é ní Ìwà Òmùgọ̀ Bladen. Ilé-ẹ̀kọ́ ló padà parí rẹ̀. Ó jóná ní 1909, wọ́n tún un kọ́.

Mo bi í bóyá fìlọ́sọ́fì ló ń kà. Ó rẹ́rìn-ín. “Kò sí ẹni tó ń ka nǹkan kan níbí, Uncle. Gbogbo wa là ń ka gbogbo ẹ̀.”

Láti 1937 ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà fẹ́ẹ̀ kógbá sílé nígbà yẹn, ni Stringfellow Barr àti Scott Buchanan bá dé, wọ́n sì da gbogbo ètò ẹ̀kọ́ rú. Ọdún mẹ́rin, ìwé kan náà fún gbogbo ọmọ: Homer, Plato, Bíbélì, Descartes, Kant, Tolstoy. Ọdún méjì fún èdè Gíríìkì, ọdún méjì fún Faransé, pẹ̀lú ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti orin. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n. Tutor ni gbogbo wọn, ẹni tó kàwé físíìsì lè máa kọ́ni ní Gíríìkì lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni àti Omidan ni olùkọ́ ń pe ọmọ ọdún méjìdínlógún. Wọ́n ń fúnni ní máàkì, ṣùgbọ́n àfi kí o lọ béèrè kí o tó rí i. Dípò rẹ̀, àwọn olùkọ́ rẹ á jókòó yí tábìlì ká, wọn á máa sọ̀rọ̀ rẹ lójú rẹ bí ẹni pé o kò sí níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn á wá bi ọ́ bóyá o ní ohun tí o fẹ́ sọ. Don rag ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tó ń mú mi kiri ní òógùn bo òun nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún òun.

“Màmá mi ní nọ́ọ̀sì ni kí n ṣe,” ó ní. Kò ṣàlàyé síwájú, èmi náà kò sì tú u.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní 2018 ilé-ẹ̀kọ́ náà kéde pé àwọn yóò dín owó ẹ̀kọ́ ọdún kan kù láti bíi $52,000 sí $35,000. Owó gọbọi ṣì ni.

Ìkùnsínú tèmi ni ìwé wọn. Augustine ọmọ ilẹ̀ tó di Àlìjéríà lónìí wà níbẹ̀, Du Bois, òǹkọ̀wé adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Yúróòpù ló gba ilé. Sophie Olúwọlé, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ọmọ Nàìjíríà, gbé Socrates àti Ọ̀rúnmìlà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ìwé rẹ̀. Mi ò rí ìjókòó Ọ̀rúnmìlà ní tábìlì yìí.

Aago mẹ́jọ alẹ́, agogo dún. Sẹ́mínà. Olùkọ́ méjì, ọmọ bíi ogún, tábìlì gígùn kan. Ẹ̀bá ògiri ni wọ́n fi mí sí, àlejò kì í dá sí i. Homer ni wọ́n ń kà, ibi tí Priam ọba arúgbó ti wọ àgọ́ Achilles lóru láti bẹ̀bẹ̀ fún òkú ọmọ rẹ̀. Olùkọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Kí ni Priam wá gbà?” Wọ́n dákẹ́ títí. Ẹnìkan ní òkú ni, ẹnìkan ní àánú. Wọ́n ń jiyàn lórí bó ṣe fẹnu ko ọwọ́ tó pa ọmọ rẹ̀.

Ọmọ Bowie ló wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. “Kò ha yà yín lẹ́nu pé ó kúnlẹ̀? Nílé wa, bí àgbàlagbà bá kúnlẹ̀ fún ọmọdé, èpè ni. Bí bàbá mi bá kúnlẹ̀ fún mi, mo gbé. Ẹ̀bẹ̀ nìkan kọ́ ni Priam ń bẹ̀, ó ń halẹ̀ mọ́ ọn.”

Ara mi yá gágá lẹ́bàá ògiri. Ó kù díẹ̀ kí n pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin ọ̀sán yẹn tún wà níbẹ̀. “Níbo ló wà nínú ìwé?”

Ó ń ṣí ìwé, etí rẹ̀ pọ́n. Ẹnìkan bá a wá a. Wọ́n rí ibi tí Achilles ti rọra ti arúgbó náà sẹ́yìn, wọ́n tún rí ibi tó ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó gbé e dìde. Ṣé ẹ̀rù ló bà á ni, àbí àánú ló ṣe é? Aago mẹ́wàá lù, wọn kò tíì gbà fún ara wọn.

A sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ McDowell, níbi tí wọ́n ti ń ta kọfí. Àríyànjiyàn náà bá wa débẹ̀. Ó jókòó síwájú mi, ó ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

“Uncle, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé èpè ni lóòótọ́, àbí wọ́n kàn máa ń sọ ọ́ ni? Ta ló sọ ọ́?”

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn pé bó ṣe rí nìyẹn. Mo pa á dé. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó mú fóònù jáde, ó ń tẹ nọ́ńbà màmá rẹ̀. Aago mọ́kànlá òru ku díẹ̀.