Ajílẹ̀ Inú Ọgbà àti Ajá Ilé Wa

Ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin ayálégbé ní Kétu, Ìkòsí àti agbègbè Mile 12, ó dùn mọ́ wa pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ilá sí ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé yìí kan náà ni a ń tú ajá sí lóru kí ó lè máa ṣọ́ ilé. Imú ni ajá fi ń mọ ayé. Ohunkóhun tó bá ń rùn bí ẹran tàbí bí ìgbẹ́ adìẹ, oúnjẹ ni lójú rẹ̀.

Ewu ajílẹ̀ kò dọ́gba. Ajílẹ̀ oníwóró tí a kọ NPK 15-15-15 sí lára àpò jẹ́ iyọ̀ tó máa ń ta ẹnu àti ikùn. Bí ajá bá lá díẹ̀ nínú rẹ̀, ó lè bì tàbí kí ó yàgbẹ́ gbuuru, ṣùgbọ́n kì í sábà pa á. Ìyẹ̀fun egungun àti ti ẹ̀jẹ̀ ẹran ló ń tan ajá jù. Bí ó bá jẹ ìyẹ̀fun egungun púpọ̀, ó lè dì nínú ikùn rẹ̀ bí sìmẹ́ńtì, kí ó sì dí ìfun pa, títí yóò fi di iṣẹ́ abẹ. Bí ẹ bá sì ń kó tòmátò àti èso jíjẹrà láti ọjà jọ láti fi ṣe ajílẹ̀, ẹ ṣe ọgbà yí òkìtì náà ká: oúnjẹ tó ti bu, tí nǹkan bí òwú hù sí lára, lè ní oró tó ń mú ajá gbọ̀n.

Èyí tó ń yára pa ajá ni apakòkòrò tí a pò mọ́ ajílẹ̀ tàbí tí a fi pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa oògùn dichlorvos nínú ìgò kéékèèké oní 100 mílílítà. Síbẹ̀ ọ̀tapíàpíà tí a rọ sínú ìgò tí kò ní orúkọ kò tíì tán nínú ilé wa.

Ẹ kó ajílẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí líle, kí ẹ sì gbé e sókè. Ẹ̀yin tó ń gbé létí Odò Ògùn kò ní gbàgbé oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí omi láti ìsédò Ọ̀yán lé àwọn ènìyàn kúrò nílé ní Àjégúnlẹ̀, ní ọ̀nà Ìkòròdú. Àpò tó bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yóò yọ́ sínú irú omi bẹ́ẹ̀, ajá yóò sì mu ún. Lẹ́yìn tí ẹ bá ta ajílẹ̀ sílẹ̀, ẹ bomi rin ín, kí ẹ so ajá mọ́lẹ̀ títí wóró rẹ̀ yóò fi yọ́ tán tí ilẹ̀ yóò sì gbẹ. Garawa tí ẹ fi po ajílẹ̀ kì í ṣe èyí tí ajá, tàbí ọmọ, yóò mumi nínú rẹ̀.

Bí ajá bá ń da itọ́, tó ń gbọ̀n, tó sì ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ọ̀pọ̀ a máa sáré rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Epo kì í bá oró jà, ó sì lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró ajá tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, kí ẹ mú àpò tàbí ìgò náà dání.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ajá dìgbòlugi náà ń da itọ́, ó sì ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀, pàápàá bí ajá náà kì í bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọọdún. Nítorí náà, ẹ má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan ojú egbò, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró wo bóyá ajá yóò kú, nítorí bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ẹni tó ń yè é kò wọ́pọ̀ rárá.