Ọ̀bẹ tí kò mú ló ń géèyàn lọ́wọ́!

Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ohun tí wọn ò fi kún un ni pé kò lè pọ́n ara rẹ̀ náà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà fáwọn tí ọ̀bẹ ń bọ́ l'Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkómáíkò.

Ẹ wo àwọn ìyá tó ń rẹ́ ẹ̀fọ́ n'Ìyànà-Ìbà. Wọn kì í gbé e lé pákó. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń di ugu mú, tí wọ́n á máa rẹ́ ẹ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú abọ́, tí ẹnu wọn á sì tún máa bá oníbàárà ná ọjà lọ. Ọ̀bẹ tó bá mú, ẹ̀fọ́ ló ń gé. Èyí tó ti kú, agbára ni wọ́n fi ń tì í, bó bá sì yọ̀ pẹ́nrẹ́n, àtàńpàkò ló ń bá. Ẹni tí ọ̀bẹ gé lọ́wọ́ láàárọ̀, ta ni yóò bá a rẹ́ èyí tó kù?

Ìdí abọ́ tánganran tàbí etí kọnkéré lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pọ́nbẹ nílé. Àwọn mìíràn ń dúró de Hausa apọ́nbẹ.

"Àbókí, èló lo máa gbà?"

"Màmá, mú ọ̀bẹ wá ná."

Kí wọ́n tó náà án tán, iná ti ń ta pàràpàrà lára òkúta. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni o, àmọ́ bí òkúta bá ń sáré jù tí kò sì sómi, ooru á pa irin náà. Bẹ́ ẹ bá rí i tí ẹnu ọ̀bẹ ṣe bí aró, ó ti parí nìyẹn: ẹ pọ́n ọn lónìí, á kú lọ́la.

Ìṣòro kejì ni pé ọwọ́ èèyàn kì í dúró lójú kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ tó ń darí ọwọ́, irú èyí tí Lansky ń ṣe l'Amẹ́ríkà. Ẹ̀mú kan á di ẹ̀yìn ọ̀bẹ mú, òkúta á wà lórí ọ̀pá irin tín-ín-rín, ọ̀pá náà á sì gba inú ihò kọjá. Ihò mẹ́rin ló wà: dìgírì 17, 20, 25 àti 30. Ọ̀bẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja, 20 ti tó o. Èyí tó ń kan eegun, ẹ gbé e sí 25 tàbí 30, torí ẹnu tó bá tín-ín-rín jù á ṣẹ́.

Ẹ kán òróró díẹ̀ sórí òkúta tó le jù, kẹ́ ẹ máa tì í síhà ẹnu ọ̀bẹ. Ẹgbẹ́ kan lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, títí irin á fi ká díẹ̀ sí ẹgbẹ́ kejì. Ẹ má fọwọ́ wá a o! Òwú lẹ máa fi kàn án, á fà mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i padà, kẹ́ ẹ wá bọ́ sí òkúta tó kúnná. Tòmátò ni kẹ́ ẹ fi dán an wò.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó mi ẹ̀mú náà dáadáa. Bó bá ń jó, kó fi sílẹ̀ fún wọn.

Àdá ò lè wọ̀ ọ́ ṣá. Ti Àbókí ṣì nìyẹn, kẹ́ ẹ sáà ní kó máa ti irin bọ omi.